Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọ Yín: Oògùn Tí Ń Bọ̀ Lọ́nà àti Èyí Tí Ó Ti Wà Lọ́wọ́



Òru ti jìn. Ará ilé ti sùn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ó ń wúkọ́ láti àná sùn sí ẹ̀gbẹ́ yín, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó ń mí lemọ́lemọ́ bí ẹni tí ó sáré dé. Ìyá ọkọ ní òtútù ni, kí ẹ fi òrí pa á láyà. Aládùúgbò ní òun ní kóró oògùn kan tí ó ṣẹ́kù nígbà tí ọmọ tirẹ̀ wúkọ́, kí ẹ tú ìdajì rẹ̀ sínú omi fún un. Bàbá ọmọ ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Kí ni ẹ ó ṣe?

Ìpinnu tí ìyá bá ṣe ní irú òru bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àrùn òtútù àyà, tí ó jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni ó ń gbé jà, wà lára àwọn àrùn tí ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 jù lọ ní ayé. Àjọ UNICEF àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣírò rẹ̀ pé ní 2018 nìkan, nǹkan bí ọmọ 162,000 ni àrùn yìí gba ẹ̀mí wọn ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún náà.

Nítorí èyí, nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń wá oògùn tuntun fún ẹ̀dọ̀fóró, ó yẹ kí a tẹ́tí. Ìròyìn tí ó wà nílẹ̀ nísinsìnyí sì jẹ́ ìyàlẹ́nu. Wọ́n ní kì í ṣe pípa kòkòrò nìkan ni a fi lè wo ẹ̀dọ̀fóró sàn. A tún lè gbin kòkòrò rere sí i. Wọ́n ní èérún kan wà tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí yóò máa gbé ìwòsàn náà dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ni òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí? Kí ni ó sì kan ìyá tí ó wà ní Òṣogbo tàbí Iléṣà?

Ẹ wo ìkòkò aró

Òṣogbo, ìlú aró. Ẹni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ aláró rí yóò mọ̀ pé aró kì í ṣe omi lásán. Aláró a gún ewé ẹ̀lú, a fi omi eérú sí i, a sì dé e mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó bá yá, ìkòkò náà a máa hó díẹ̀díẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ a yí padà, aṣọ tí a bá sì rì sínú rẹ̀ a gba aró. Ta ni ó ṣe iṣẹ́ yìí? Àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tí ojú kò rí ni. Bí ẹnìkan bá ṣe àṣìṣe tí ó da omi tí ó ń hó lé wọn lórí, wọn a kú, aró a sì bàjẹ́. Àwọn ìyá wa àgbà kò fi ojú rí wọn, síbẹ̀ wọ́n mọ bí a ti í tọ́jú wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ọmọ ènìyàn rí. Lórí awọ ara, ní ẹnu, ní imú, àti nínú ìfun pàápàá, ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò àìfojúrí ni ó ń gbé ibẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣègùn gbà pé kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ìwádìí láti nǹkan bí 2010 wá ti yí èrò náà padà. Díẹ̀ wà níbẹ̀, àwùjọ tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ le sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú.

Iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà ṣáà mọ òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ àtijọ́ tí í lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó, tí í ní òun kò ní dìde títí wọn yóò fi san án. Bí kòkòrò rere ṣe ń lóṣòó sí ara ọmọ nìyẹn. Wọ́n ti jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ oúnjẹ ibẹ̀. Kòkòrò búburú tí ó bá dé kò ní rí àyè fi ìdí lé. Wọ́n tún ń kọ́ ara ọmọ bí yóò ti mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Èyí tí ó wà nínú ìfun pàápàá ń ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́, nítorí ohun tí wọ́n ń pèsè níbẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e kiri gbogbo ara. Bí a bá wá pa wọ́n run, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún ọ̀tá nìyẹn.

Kí ni èérún nánò?

Ẹ mú ọ̀pá mítà 1 tí àwọn aláṣọ fi ń wọn aṣọ. Ká ní ó ṣeé ṣe láti gé e sí ọ̀nà 1,000,000,000. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní nánòmítà. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo nípọn tó nánòmítà 80,000 sí 100,000. Ohun tí kò ju 100 lọ nínú ìwọ̀n yìí ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń pè ní èérún nánò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oògùn a máa tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nígbà mìíràn. A lè fi ọ̀rá ṣe é, a sì lè fi fàdákà tàbí ohun mìíràn ṣe é.

Èrèdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ṣòro láti rìn. Ó dà bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò, tí ó ya ẹ̀ka, tí ẹ̀ka náà tún ń ya ẹ̀ka. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń bẹ ní ojú ọ̀nà, ó ń mú ohun gbogbo tí ó bá wọlé. Bí lẹ́búlẹ́bú oògùn tí a fà símú bá tóbi jù, ọ̀fun ni yóò dúró sí. Bí ó bá kéré jù, ọmọ náà yóò tún mí i jáde. Èyí tí ó lè dé ìsàlẹ̀ ni èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín nánòmítà 1,000 sí 5,000. Nítorí náà àwọn onímọ̀ a máa ṣu èérún nánò púpọ̀ pọ̀ bí ẹní ṣu róbó, kí ó lè dé ibi tí à ń rán an, kí ó sì tú ká níbẹ̀.

Kòkòrò rere alára ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ tó nánòmítà 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà èérún nánò kò lè gbé e mì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà. Èkíní ni pé kí a fi èérún náà bo kòkòrò rere yí ká, bí ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, kí ó má bàa kú ní ojú ọ̀nà. Èkejì ni pé kí a yọ ohun tí kòkòrò náà ń pèsè, tí ó ń mú ara tutù, kí a sì fi èyí sínú èérún nánò dípò kòkòrò fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arikayce, apakòkòrò tí a fi sínú èérún ọ̀rá, tí àgbàlagbà ń fà símú fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tí ó le púpọ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, nǹkan bí mílíọ̀nù 4 abẹ́rẹ́ Moderna ni Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ 2021. Bí ẹ bá wà lára àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ náà, èérún nánò tí a fi ọ̀rá ṣe ti wọ apá yín rí.

Iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà sí ilé. Ní Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní pọ̀ títí di 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ohun tí à ń dà nù ṣe èérún nánò. Wọ́n ti lo èèpo obì, wọ́n ti lo òwú aláǹtakùn. Ní 2016 wọ́n kéde pé àwọn ti fi omi èèpo kòkó, irú èyí tí ó kún oko ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣe èérún fàdákà, ó sì ṣẹ́gun Klebsiella, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí ń fa òtútù àyà. Inú yàrá ìwádìí ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o, a kò tíì fún ọmọ ènìyàn.

Ibi tí iṣẹ́ dé dúró

Ní Birmingham, ní Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn ọmọ tuntun kan, Charitharth Vivek Lal, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀nà èémí ọmọ tuntun wò. Ní 2016 wọ́n kéde pé kòkòrò kan tí à ń pè ní Lactobacillus, tí í ṣe ẹbí èyí tí ń mú ògì kan, kéré ní ọ̀nà èémí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n sì padà ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe Lactobacillus ní oògùn tí a lè fà símú. Ní 2024 wọ́n kéde pé ó dín ìgbóná inú ẹ̀dọ̀fóró eku kù. Eku ni a wí, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀nà ṣì jìn láti ara eku dé ara ọmọ.

Ìdánwò kan wà tí ó dé ara ọmọ, láìlo èérún nánò. Ní Ìpínlẹ̀ Odisha ní Íńdíà, a fún àwọn ọmọ tuntun ní Lactobacillus plantarum pẹ̀lú oúnjẹ tí kòkòrò náà fẹ́ràn, fún ọjọ́ 7 péré, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé wọn. Ọmọ 4,556 ni ó wà nínú ìdánwò náà, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Nínú ọmọ 100 tí kò gbà á, 9 ni májèlé ẹ̀jẹ̀ mú tàbí tí ó kú láàárín oṣù méjì; nínú 100 tí ó gbà á, ó dín sí nǹkan bí 5. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí orúkọ kòkòrò náà. Lactobacillus plantarum yìí kan náà wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ògì tí à ń rẹ ní ilé wa. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ti rí agbára ògì láti ìgbà pípẹ́: ní 1994, D. K. Olúkọ̀yà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK, tí wọ́n fi kòkòrò rere tí a ti ṣà dáadáa ṣe, kí ó lè gbógun ti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí bu omidùn sí ọmọ jòjòló lẹ́nu! Èyí tí a lò ní Íńdíà jẹ́ èyí tí a yàn, tí a wọ̀n, tí a sì fọ̀ mọ́. Omi tí a kò sè lè gbé àrùn wọ inú ọmọ. Bí a bá sì ti se ògì lórí iná, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání níbí ni pé, kò tíì sí ibì kan ní ayé tí ìjọba ti fọwọ́ sí kòkòrò rere tí a ń fà símú fún òtútù àyà ọmọdé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá sí Ọjà Ọba tàbí Ọjà Atakúnmọ́sà, tí ó ní oògùn nánò tí ń fọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ni, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Ẹ̀kọ́ tí Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ ayé

Ǹjẹ́ a ó wá káwọ́ gbera títí oògùn náà yóò fi dé? Rárá o. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí gan-an ni ó ti kọ́ gbogbo ayé pé ọwọ́ ìyá ni ìlera ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1956, oníṣègùn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì rí i pé òtútù àyà, èèyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunkánú ni ó ń pa àwọn ọmọ. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì dá ibi ìtọ́jú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀, wọ́n sì ṣe káàdì kan tí a ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí ní oṣooṣù. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gbogbo ayé. Bí a bá fún yín ní káàdì ọmọ yín lónìí ní Òṣogbo, ẹ rántí pé ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ọ̀nà tí ó dájú jù láti gbin kòkòrò rere sí ara ọmọ ni ọmú ìyá. Nínú wàrà ọmú, adùn kan wà tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà nínú. Ta ni a wá pèsè rẹ̀ fún? Kòkòrò rere inú ìfun ọmọ ni. Ìyá ń bọ́ ọmọ, ó sì ń bọ́ àwọn ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ọmọ. Ẹ má ṣe fún wàrà àkọ́kọ́ tí ó pọ́n dànù, nítorí ó kún fún ohun ìjà. Ọmú nìkan fún oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn náà ni ògì tí a fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí edé lú, kí ọmú sì máa bá a lọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kóró oògùn aládùúgbò. Oògùn apakòkòrò kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá; bí omi tí ó ń hó ni ó rí nínú ìkòkò aró. Ọ̀pọ̀ ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ni apakòkòrò kò ràn rárá. Ìdajì kóró ló tilẹ̀ burú jù, nítorí a máa kọ́ kòkòrò búburú bí yóò ti borí oògùn. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ ìlera bá ti yẹ ọmọ wò, tí ó ní òtútù àyà ni, tí ó sì fún un ní amoxicillin, ẹ lò ó pé, kí ẹ má ṣe dá a dúró ní ọjọ́ tí ara ọmọ bá kọ́kọ́ yá.

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti ìparí 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní èyí tí ń dènà kòkòrò òtútù àyà tí ó burú jù. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni ọjọ́ rẹ̀. Ti èèyi wà ní oṣù 9 àti oṣù 15, nítorí òtútù àyà ni èèyi fi ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ẹ̀kẹrin ni èéfín. Ẹ gbọ́ ohun ìyàlẹ́nu: èéfín igi ìdáná fúnra rẹ̀ kún fún èérún nánò. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń wá láti fi gbé ìwòsàn wọ ẹ̀dọ̀fóró, èéfín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ibi ni ó sì ń gbé wọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná. Bí kò bá sí gáàsì, ẹ dáná ní gbangba, kí ẹ sì gbé ọmọ fún ẹlòmíràn.

Ẹ ka èémí rẹ̀

Kí a padà sí òru ọjọ́ náà. Ẹ ṣí aṣọ ọmọ nígbà tí kò sunkún, tí kò sì mu ọmú. Ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí àyà tàbí ikùn rẹ̀ gbéra sókè. Èémí ti yá jù nígbà tí ó bá jẹ́:

60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 2;
50 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí ó bá wà láàárín oṣù 2 sí oṣù 11;
40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí ó bá wà láàárín ọdún 1 sí ọdún 5.

Ẹ tún wo abẹ́ ìhà rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, bí ọmọ kò bá lè fa ọmú, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí ètè rẹ̀ bá dúdú sí i, bí gìrì bá mú un, tàbí tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ilé ìwòsàn ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, èyí tí òrí kò lè fún ọmọ.

Ẹ má sì torí rẹ̀ bá ìyá ọkọ jà. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wí pé: "Ẹ ṣeun mà, màmá. Òrí yín dára. Ṣùgbọ́n mo ka èémí ọmọ, ó ti di 58, kò sì yẹ kí ó tó 50. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi jí bàbá rẹ̀, ká gbé e lọ." Àgbà tí ó gbọ́ iye kò ní bá yín jiyàn, òun ni yóò kọ́kọ́ wá ọ̀já.

Ní ọjọ́ iwájú, ó lè jẹ́ pé dókítà yóò fi ìwọ̀nba lẹ́búlẹ́bú sí imú ọmọ-ọmọ yín, tí èérún nánò yóò sì gbé kòkòrò rere dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, abíyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Ẹ jẹ́ kí a fi èémí rẹ̀ kún ẹkún rẹ̀: kí a máa gbọ́ ọ, kí a máa kà á, kí a sì tètè dìde. A kò ní fi ọmọ ṣòfò o.